Àsun Láìsí Ewúrẹ́

Bí ẹ bá dé Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ nígbà ọdún tí ẹ kò gbóòórùn àsun, ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá àlàáfíà wà. Àwa ni a ni àsun. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Èkó, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ ibi tí ó ti wá. Orúkọ rẹ̀ kò ní àdììtú nínú: ohun tí a sun lórí iná ni àsun. A ó pa ewúrẹ́, a ó jó irun ara rẹ̀ dànù, a ó sun ún tòun tawọ, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó wá yí i mọ́ ata àti àlùbọ́sà títí imú ẹni tó ń jẹ ẹ́ yóò fi máa ṣomi. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíràn á ní òun kò ṣọdún.

Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ti di ohun tí a ń wò láti òkèèrè. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kéde pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi nǹkan bí 40 nínú 100 ga ju ti oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tó ń gba owó oṣù mọ ohun tí èyí jẹ́, àgbẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Kí wá ni kí ènìyàn ṣe? Ṣé kí ó yá owó èlé nítorí àwo ẹran kan, àbí kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní ọjọ́ Kérésìmesì? Àwọn àgbà ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́: bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìtàn òòbẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé ó gùn ju bí a ti rò lọ.

Ọmọ Ìpògún ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, lẹ́bàá Ìlárá-Mọ̀kín, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ wa, ilẹ̀ kòkó àti iṣu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹran màlúù ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Eṣinṣin kan wà nínú igbó tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse. Bí ó bá ti bu màlúù jẹ, ó ń gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, màlúù náà á sì rù títí yóò fi kú. Àwọn màlúù kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní mùtúrù lè fara dà á, wọn kò sì pọ̀. Nítorí náà, ẹran tí àwọn bàbá wa mọ̀ jù ni ẹran ìgbẹ́: ọ̀yà, ẹtu, ìgalà; àti adìẹ pẹ̀lú ewúrẹ́ ilé díẹ̀díẹ̀.

Òkè Ọya ni màlúù ńlá ti ń wá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì kọjá lọ sókè, ó bá wọn gbé lára ẹrù náà, ṣùgbọ́n irin náà kò gba Àkúrẹ́ kọjá rí. Àrùn náà kò sì dá àwọn tó ń sin màlúù sí. Ní nǹkan bí 1890 ni àjàkálẹ̀ àrùn màlúù kan jà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, ó pa màlúù àwọn Fúlàní bí ẹni gbálẹ̀. Ó tún jà ní Nàìjíríà ní 1983, ẹran sì wọ́n lójà. Ọdún 2011 ni wọ́n tó kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Ṣé ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe òní ni ẹran kọ́kọ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́? Owó kòkó ló jẹ́ kí ojú wa mọ́ màlúù pípa, tí a fi wá gbàgbé ohun tí ìyá àwọn ìyá wa ń sè.

Kí ni wọ́n ń sè? Àkọ́kọ́ ni olú. Bí òjò bá rọ̀, àwọn ọmọdé á jí wọnú igbó kùtùkùtù, wọn á máa wá olú lórí òkìtì ikán àti lára igi tó ti jẹrà. Bí a bá fi olú ńlá sínú ọbẹ̀, tí ó sì rí ata àti epo dáadáa, ẹni tó bá di ojú jẹ ẹ́ á ní ẹran adìẹ ni. Ọ̀mọ̀wé B. A. Oso, ti Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1975 lórí olú àti àwa Yorùbá, ó sì fi hàn pé àwọn ènìyàn wa mọ olú ní oríṣiríṣi, wọ́n mọ èyí tó ṣeé jẹ àti èyí tó jẹ́ oògùn, orúkọ ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Èkejì ni ẹ̀gúsí. Àwọn ará Ìbò tilẹ̀ mọ ọgbọ́n kan: wọ́n á lọ ẹ̀gúsí pọ̀ mọ́ ohun líle kan tí irú olú kan máa ń ní lábẹ́ ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní usu, wọ́n á gún un, wọ́n á rọ ọ́ róbótó, wọ́n á sè é nínú ọbẹ̀ bí ẹran. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀wà, tí a fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà. Àwọn tó ṣe gbogbo èyí kò pe ara wọn ní ẹni tí kì í jẹ ẹran. Ohun tí ọwọ́ wọ́n tó ni wọ́n fi ṣe ọbẹ̀ tó dùn.

Bí ẹran bá wá wà, báwo ni a ṣe ń pín in? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan egungun. Ìwé adìẹ, ti baálé ni. Itan, ti àgbà ni. Ọmọdé ń jẹ èyí tó kù, egungun ló sì sábà máa ń kù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹran tí wọ́n ń fi sórí iyán mi kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wọ́n tún ní bí a bá fún ọmọ ní ẹyin àti ẹran jù, olè ni yóò yà. Wọn kò ṣe é láti fìyà jẹ wá. Bí wọ́n ti tọ́ àwọn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló nílò oúnjẹ amáradàgbà ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé, òun gan-an ni a kì í sì í fún.

Ní 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àrùn kan tó ń mú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ wọn á wú, irun wọn á pọ́n, ara wọn á máa bó. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gã ń pe àrùn náà, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí wọ́n bá bí àbúrò lé e. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n àwọn Gã? Wọ́n ti mọ̀ pé nígbà tí a bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ láìfi nǹkan gidi rọ́pò rẹ̀ ni àrùn ń wọlé. Nígbà ogun abẹ́lé, láàárín 1967 sí 1970, gbogbo ayé rí àwòrán àwọn ọmọ tí àrùn yìí ń pa ní ìhà Ìlà-Oòrùn.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀wà sóyà. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi omi rẹ̀ ṣe wàrà láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé. Moor Plantation ní Ìbàdàn ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín sí ní Nàìjíríà, ní 1908. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ Benue bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín fún títà sí òkè òkun. Ẹ gbọ́ o: a ń gbìn ín, òyìnbó ń rù ú lọ, a kò mọ bí a ti ń jẹ ẹ́! Ó le, kì í tètè jinná bí ẹ̀wà tiwa, ó sì ní òórùn kan tí kò wu ènìyàn. Ọ̀pọ̀ sọ pé oúnjẹ adìẹ ni. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé: nígbà tí igbá ìrú ń wọ́n, àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí fi sóyà ṣe ìrú. Ìyẹn náà, òòbẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ dá sí i. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, po sóyà mọ́ ògì fún àwọn ọmọdé. IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wá irúgbìn tó bá ilẹ̀ wa mu. Ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan, pẹ̀lú owó láti Kánádà, láti kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń fi sóyà ṣe oúnjẹ tiwa-n-tiwa. Ìgbà náà ni ìjọba ń ṣe ètò mú-okun-le, tí ẹran, ẹyin àti wàrà inú agolo ń gbówó lórí. Àwọn obìnrin kò dúró gbọ́ ìwàásù púpọ̀. Wọ́n rí i pé bí wàrà Fúlàní ti rí ni wàrà sóyà rí, ó sì ṣeé dín. Láàárín ọdún díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí rí i lórí àtẹ ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ní ayé náà ti ń wá ẹran ọdún tí kì í ṣe ẹran. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan, John Harvey Kellogg, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn àwọn ìjọ Adventist ní Battle Creek, fi ẹ̀pà ṣe ohun kan tó jọ ẹran ní 1896, ó pè é ní Nuttose. Ẹ̀pà, ẹ̀pà tí a ń jẹ mọ́ gúgúrú yìí! Ìjọ náà dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1914, ní Erúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ní 1959, òun ló di Yunifásítì Babcock ní 1999, àwọn ọmọ tó kàwé níbẹ̀ sì mọ oúnjẹ aláìlẹ́ran dáadáa. Ní 1995, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, gbé Tofurky jáde, èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe, kí ẹni tí kì í jẹ ẹran lè rí nǹkan gé lórí tábìlì lọ́jọ́ tí àwọn yòókù ń jẹ tòlótòló.

Ní Kérésìmesì 2024, a ṣe tiwa ní Ìpògún. Kí n sọ bí a ti ṣe é. Ìyàwó mi fi kóńgò sóyà kan sínú omi mọ́jú. Lówùúrọ̀ ó bó o, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́ kúnná. Ó po ó mọ́ omi púpọ̀, ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ó gbé omi rẹ̀ kaná. Kí ó hó dáadáa o, nítorí sóyà tútù ní èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ènìyàn, iná ló ń pa á. Bí ó ti ń hó, ó ń da omi ògì kíkan sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dì. Ó kó o sínú aṣọ, ó di í le, ó sì gbé ọlọ lé e títí di ọ̀sán kí omi lè ro jáde. Bí omi bá kù nínú rẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́ lórí iná.

Ó gé e sí ègé nínípọn, ó fi iyọ̀, ata rodo, ata ilẹ̀ àti àlùbọ́sà lílọ̀ ra á lára, ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì. A tẹ́ àwọ̀n wáyà sórí ẹyinná, a fi òróró pa á, a sun ún ní ojú méjèèjì títí ara rẹ̀ fi pọ́n, tó sì gbó. Olú ńlá tí a fà ya ni a sun tẹ̀ lé e. A wá gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, a yí i mọ́ ata gbígbóná àti àlùbọ́sà nínú agbada, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe àsun.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ bínú. Ó ní, “Ṣé báyìí ni ilé wa ti di? Ẹ fẹ́ fi ẹ̀wà ṣọdún fún mi?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ tọ́ ọ wò ná.” Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Wọ́n ń rò pé ẹni tí kò bá rí ẹran fún àlejò ti tẹ́. Ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún mú òmíràn. Wọ́n ní, “Kò jọ ewúrẹ́.” Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ẹ bù ú wá síbí.”

Nígbà pípín ni mo rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Sóyà kò ní orí, kò ní itan, kò ní ìwé. Ègé kan kò ju èkejì lọ. Kò sí èyí tó jẹ́ ti àgbà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí egungun tí a ó jù sí ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ilé wa gba iye tí Bàbá gbà, kò sì sí ẹni tó sọ pé yóò ya olè. Nínú 100 ìwọ̀n sóyà gbígbẹ, èròjà amáradàgbà ń tó bí 40. Ti ẹran màlúù tútù jẹ́ bí 20. Òótọ́ ni pé bí a bá sọ sóyà di wàrà, omi inú rẹ̀ ń dín èyí kù, síbẹ̀ ohun tó wà nínú àwo ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn ju ti èmi lọ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran mọ́. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní ewúrẹ́, kí ó pa á, kí ó sì pe àwa náà. Àgbò Iléyá sì ní ètò tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ má yá owó èlé nítorí ojú ayé. Ẹ má sì fi sóyà tan àlejò bí ẹni pé ẹran ni. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún un, kí ẹ sì rí i pé ata rẹ̀ pé. Bí ẹ bá sì ń bù ú, ẹ kọ́kọ́ bù fún àwọn ọmọ.