Agolo mínírà tó di sátẹ́láìtì

Ṣé ẹ rí agolo mínírà tí a ń jù sí gọ́tà ní Kétu yẹn? Lọ́dún 1998, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Bob Twiggs, dábàá pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sátẹ́láìtì tó máa wọnú rẹ̀. CanSat ni wọ́n pè é. Ní 1999 wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e sókè ní aṣálẹ̀ Nevada. Kì í dé òfurufú o! Páráṣúùtì ló fi ń bọ̀ wálẹ̀, tí á máa fi rédíò sọ bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó lókè lọ́hùn-ún. Ní 2010, àjọ òfurufú Yúróòpù, ESA, sọ ọ́ di ìdíje àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Tiwa ńkọ́? FUTA, Àkúrẹ́, pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ní Japan, ṣe NigeriaEduSat-1, àpótí kékeré tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX gbé e láti Florida ní June 3, 2017. Ó wú mi lórí gan-an, àmọ́ iṣẹ́ yunifásítì nìyẹn. Lójú tèmi, kí ọmọ tó dé yunifásítì kó tó fọwọ́ kan irú ẹ̀ ti pẹ́ jù.

A ò nílò rọ́kẹ́ẹ̀tì láti bẹ̀rẹ̀. Agolo kan, bátìrì kékeré, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru, ọ̀rá fún páráṣúùtì, ká jù ú láti orí ilé alájà mẹ́ta. Ẹ̀yin ẹnjiníà inú gúrúùpù yìí, ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ Sátidé? Ẹ fèsì síbí.