Ìwé Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Tí Kò Parẹ́

Mo ti jẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan rí. Nígbà tí mo fẹ́ gbé iṣẹ́ sílẹ̀, mo tẹ àwọn ímeèlì wa sórí bébà, mo kó wọn sínú fáìlì, mo sì pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni mo ṣe. Ìtàn kan láti Amẹ́ríkà ni ó là mí lójú.

Ní ayé Ààrẹ Ronald Reagan, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ààbò ní Ilé Funfun a máa kọ̀wé sí ara wọn lórí ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní PROFS. Nígbà tí àṣírí ohun ìjà tí wọ́n tà fún Írán tú ní oṣù Nofẹ́ńbà 1986, Oliver North àti ọ̀gá rẹ̀, John Poindexter, pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀ rẹ́. Wọ́n rò pé ó tán. Àṣé àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ti ṣe àdàkọ wọn sórí téèpù! Òkú tí wọ́n sin, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Jánúárì 1989, ó ku ọ̀la kí Reagan gbé ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ nu ẹ̀rọ àti téèpù mọ́. Akọ̀ròyìn Scott Armstrong àti àwọn National Security Archive sáré lọ sí kóòtù, adájọ́ sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ìjọba ní títẹ ìwé sórí bébà ti tó. Ní 1993, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kò tó, nítorí bébà lè má fi àwọn tí ìwé dé ọwọ́ wọn hàn, tàbí àkókò tí wọ́n gbà á.

Èmi tí mo ń kọ́ èdè, ọ̀rọ̀ yìí gún mi lára. "Ẹ tètè wá": ṣé àgbà kan ni a ń bá wí ni, àbí ogún ọ̀rẹ́? Ẹni tí kò rí orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí kò lè mọ̀.

Nǹkan bí mílíọ̀nù 32 ímeèlì ni ìjọba Clinton fi sílẹ̀ ní 2001. Ti George W. Bush, ní 2009, lé ní mílíọ̀nù 200. Ta ni yóò kà wọ́n tán? Ẹni tí yóò tọ́jú irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ní láti to orúkọ, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ inú wọn bí atọ́ka tí ń bẹ lẹ́yìn ìwé. Bí ìwé kan bá sì lọ sọ́dọ̀ ogójì ènìyàn, ẹyọ kan ni kí ó pa mọ́, kí ó so orúkọ ogójì náà mọ́ ọn, kí àyè má baà há.

Fáìlì tèmi ṣì wà nínú àpótí. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí mo kọ pé, "Má jẹ́ kí ó gbọ́ o." N kò rántí ẹni tí mo kọ ọ́ sí mọ́.