Ìbọn àlòkù tó dé ogun Kírìjì

1/ Ìyá ìyá mi, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, máa ń sọ pé oògùn ló jẹ́ kí Èkìtìparapọ̀ lè dúró níwájú Ìbàdàn. N ò bá wọn jiyàn o. Àmọ́ ìbọn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa nílé ìwé. Snider ni wọ́n ń pè é. Ẹ jókòó. 🧵

2/ Ní 1853, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìbọn ológun kan, Enfield. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki í bíi ṣakabùlà: da ẹtù sí i, ti ọta wọlé, fi ọ̀pá gún un. Ohun tó fi ju ṣakabùlà lọ ni pé wọ́n fín ilà mẹ́ta sínú ọ̀pá rẹ̀, tó lọ́ bíi ti síkúrù.

3/ Kí ni ilà yẹn wà fún? Ó ń mú ọta pòyì. Ẹ rántí òkòtó tí à ń ta ní kékeré: tó bá ń pòyì, á dúró ṣánṣán. Tí kò bá pòyì mọ́, ó ti ṣubú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà lọta. Ti ṣakabùlà kì í pòyì, ibi tó bá wù ú ló ń lọ.

4/ Nígbà tó yá, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn. Enfield sì ti kún ilé ìjọba, ta ló fẹ́ dà á nù? Ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, ní kí wọ́n gé ẹ̀yìn ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré kan sí i. Ìjọba gbà á ní 1866. Ọdún yẹn náà ni Snider kú, òun àti ìjọba ṣì ń fa ọ̀rọ̀ owó rẹ̀.

5/ Ibi tó dùn nìyí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ọta rẹ̀ kò bá ojú ibi tí wọ́n fẹ́. Ọ̀pá kan náà, ilà kan náà! Kátíríìjì ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Edward Boxer, ọ̀gá kan ní Woolwich, ṣe òmíràn: ó dá ihò sí ìdí ọta òjé, ó fi amọ̀ dí i. Tí ẹtù bá gbiná, amọ̀ á ti òjé náà, òjé á fẹ̀, á gbá ilà mú dáadáa.

6/ Bí ìbọn àtijọ́ ṣe wá ń bá nǹkan ju ìgbà tó wà ní tuntun lọ nìyẹn. Ẹni tó ń yin ọta mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀ wá lè yin tó mẹ́wàá.

7/ Ní 1871, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Martini-Henry. Snider di àlòkù, àlòkù sì di ọjà. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó dá owó, wọ́n ra irú ìbọn yìí ránṣẹ́ sílé. Ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn. Kí tiwọn tó dé ibì kan, ti àwọn ọmọ ogun Ọgẹ́dẹ̀ngbé ti bá wọn. Ìró ìbọn láàárín òkè ló bí orúkọ ogun náà: kí-rì-jì!

8/ Àmọ́ ṣakabùlà ń jẹ ohunkóhun: òkúta, irin wẹ́wẹ́. Kátíríìjì nìkan ni Snider ń jẹ. Tí ìyẹn bá tán, igi ìdáná ni. Torí náà, ìjà ọ̀nà Èkó ni ogun yẹn náà. Èkìtìparapọ̀ ń gba ọ̀nà Oǹdó, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ń dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ó di 1893 kí wọ́n tó tú àgọ́ ká.

9/ Àwọn tó ń tún Snider ṣe lónìí ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ Boxer. Ẹ lè fi epo pa igi rẹ̀ títí á fi máa dán, ọta á ṣì máa ṣáko. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ wọn inú ọ̀pá, torí wọn kì í fẹ̀ dọ́gba, á wá rọ òjé rírọ̀ tó bá a mu. Kò sì ní fi ayùn kan etí ẹnu ọ̀pá, torí ibẹ̀ lọta ti ń dágbére.

10/ Mo ro gbogbo èyí fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Ta ló wá ru kátíríìjì yẹn láti Èkó dé òkè?"

Orúkọ Ọgẹ́dẹ̀ngbé wà nínú ìwé, ti Snider náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ru ẹrù ńkọ́? Tí wọ́n bá ń sọ ọ́ nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ níbí. 🙏🏾