Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Ìfọkànsí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ "ìfọkànsìn" níbi tó ti yẹ kí wọ́n kọ "ìfọkànsí". Ìfọkànsìn jẹ mọ́ ìjọsìn, ti ẹni tó ń sin Ọlọ́run tọkàntọkàn ni. Ìfọkànsí wá láti inú ì, fi, ọkàn àti sí: kí èèyàn kó gbogbo ọkàn lé ohun kan ṣoṣo. Bí àpẹẹrẹ: "Télọ̀ náà fọkàn sí ọrùn bùbá tó ń rán ní Abúlé Adó, kò gbọ́ hóònù dánfó lójú ọ̀nà Badagry." Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn, ohun tí Mihaly Csikszentmihalyi, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ìwé lé lórí ní 1990. Ìfọkànsí kì í ṣe "àfojúsùn" rárá. Ohun tí à ń lépa ni àfojúsùn. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́.