Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Bá Aláìsàn Ọkàn Sọ

Kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ nínú ọkàn, ó sábà máa ń ní láti dá ọkàn náà dúró. Ẹ bá mi gbé gbólóhùn yẹn dé Ago Alaye, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, kí ẹ sọ ọ́ fún ìyá kan nípa ọmọ rẹ̀. Yóò káwọ́ lérí ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró, òkú ni létí Yorùbá. Bí a bá ní ọkàn yóò "dákẹ́," kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Sinmi" ńkọ́? Òun ló kún inú ìwé ìkéde òkú.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ń lọ gan-an ni ká sọ. Ọkàn ọmọ yín kò ní lù fúngbà díẹ̀. Omi tútù tó ní èròjà pòtáṣíọ̀mù la ó fi dáàbò bò ó, kí ebi ẹ̀jẹ̀ má baà pa á. Ẹ̀rọ kan yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró ṣe. Bí a bá parí, yóò tún máa lù. Onílù náà a máa gbé ìlù fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, agbo kì í sì í tú.

Kí la ó pe ẹ̀rọ ọ̀hún? "Adelé ọkàn" dùn létí, àmọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tó bá gbọ́ adelé, ọba tó wàjà ló máa wá sí i lọ́kàn. "Agbẹ́jẹ̀kiri" ni mo fara mọ́, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ọdún 1953 ni dókítà John Gibbon kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn yọrí ní Amẹ́ríkà. Ní 1974, dókítà Magdi Yacoub wá bá dókítà Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Enugu. Ó ti lé ní 50 ọdún tí iṣẹ́ yìí ti dé ilẹ̀ wa.

Orúkọ yàrá tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò le: "yàrá àmójútó" tó o.

Orúkọ tí a ó pe oògùn warfarin ló ń kó mi láyà sókè. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn ọkàn onírin tàbí oníkábọ́ọ̀nù sí lára yóò lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí a bá ní oògùn náà ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi, aláìsàn yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ òun kò tó mọ́, yóò sì wá àgbo ẹ̀jẹ̀ mu lé e. Bí a bá pè é ní "afọ̀jẹ̀," yóò bá àgbo tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́jà, yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, àgbo mìíràn lè ti warfarin kọjá ààlà, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdá. Òmíràn lè sọ ọ́ di aláìlágbára, kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ilẹ̀kùn náà. "Amẹ́jẹ̀-má-dì" ni kí a máa pè é. Orúkọ náà sọ ohun tó ń ṣe, kò sì fara jọ ohunkóhun tí wọ́n ń tà lórí àtẹ.

Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ sì rí ọ̀rọ̀ mú lò. Irú rẹ̀ tọ́ sí àwọn aláìsàn ọkàn. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì Oǹdó àti Ìbàdàn, kí ẹ tó tẹ ìwé ìléwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ kà á fún àwọn ará Ore àti Odigbo, kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn tún un sọ fún yín.