Ìhà tí Àwọn Ará Ìlọrin Kọ sí Ọ̀gágun Àjèjì, 1897 sí 1900

Nígbà tí ogun bá ṣẹ́ ìlú kan, tí olórí àwọn aṣẹ́gun sì di aláṣẹ níbẹ̀, ìbéèrè pàtàkì ni irú ojú tí àwọn ará ìlú fi ń wò ó. Ìtàn Jàpáànù jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀. Láàárín 1945 sí 1951 tí Ọ̀gágun Douglas MacArthur fi ṣe àkóso ibẹ̀, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lẹ́tà ni àwọn ará ìlú kọ sí i. Púpọ̀ nínú wọn sì kún fún ìyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ fún àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún 1951 pé bí ọmọ ọdún 12 ni àwọn ará Jàpáànù rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn, ìtara náà rọlẹ̀. Ìyìn tí ẹni tí a ṣẹ́gun ń yin aṣẹ́gun ní ìdí tirẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi ojú lásán wò. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Ìlọrin ní 1897 rí. Níbẹ̀, ìṣe àwọn ènìyàn ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ.

Kí ogun náà tó dé, ẹnu àwọn aláṣẹ Ìlọrin kò kò. Ẹ́míà Moma fẹ́ àlàáfíà pẹ̀lú Gómìnà Carter ti Èkó, ẹni tí ó bẹ ìlú náà wò ní 1893. Àwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Gàmbàrí, Alanamu, Àjíkòbí àti Fúlàní, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ogun ni ó fún wọn ní ọrọ̀, ẹrú àti ọlá. Ní 1895 wọ́n dìtẹ̀ mọ́ Moma, òun náà sì fi ẹ̀tù ìbọn gbẹ̀mí ara rẹ̀ nínú ààfin. Wọ́n fi Sulaiman jọba, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Balógun ni agbára wà. Ní 1896, àwọn ọmọ-ogun Ìlọrin kọlu àgọ́ àwọn ológun Èkó ní Odò-Ọ̀tìn.

Ní oṣù kejì ọdún 1897, lẹ́yìn tí Bida ti ṣubú, Sir George Goldie, olórí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, kó ogun wá sí Ìlọrin. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin jáde pàdé wọn, ṣùgbọ́n ẹṣin àti idà kò lè dúró níwájú ìbọn àgbá àti ìbọn arọ̀jò-ọta. Ìlú náà bọ́ sí ọwọ́ wọn ní ọjọ́ 16, iná sì jó apá kan rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Ẹ́míà Sulaiman padà wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Ìfọwọ́sí yìí kọ́ ni ó yẹ kí a pè ní ìfẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀rù nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Fún Sulaiman, ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Moma, àjèjì náà jẹ́ ọ̀tá, ó sì tún jẹ́ odi tí ó lè fi ẹ̀yìn tì lọ́jọ́ tí àwọn Balógun bá dìde sí i. Fún àwọn Balógun, àdánù pátápátá ni: àdéhùn náà dí ọ̀nà ogun, ẹni tí ó sì dí ọ̀nà ogun dí ọ̀nà oúnjẹ wọn. Ti àwọn ẹrú yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ wọn sá kúrò ní Ìlọrin lásìkò tí agbára ń bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wá ilé wọn lọ. Àwọn wọ̀nyí kò kọ ìwé ìyìn sí ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ wọn ni ó sọ̀rọ̀. Sísá tí wọ́n sá kò sì fi hàn pé wọ́n fẹ́ràn Goldie. Ohun tí ó fi hàn ni pé wọn kò fẹ́ràn ìdè.

Goldie kò dúró. Ó padà lọ láìfi àgọ́ ológun sílẹ̀, àwọn Balógun sì tún rí àyè mí. Ìgbà tí Lugard gba àkóso Àríwá ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, tí ajẹ́lẹ̀ sì wá jókòó sí Ìlọrin, ni àwọn ènìyàn tó mọ̀ pé àlejò náà kò ní lọ mọ́. Láti ìgbà náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé Ẹ́míà lékè àwọn Balógun.

Ní ìparí, kò sí ìhà kan ṣoṣo tí a lè pè ní ti Ìlọrin. Ohun tí olúkúlùkù jèrè tàbí tí ó pàdánù ni ó pinnu ojú tí ó fi wo ọ̀gágun náà. Òpìtàn tí ó bá gbọ́ ohùn ààfin nìkan yóò ka ọgbọ́n Ẹ́míà sí èrò gbogbo ìlú. Ẹni tí ó bá ń ná Ọjà Tuntun lónìí ṣì ń gbọ́ orúkọ Gàmbàrí, Alanamu àti Àjíkòbí gẹ́gẹ́ bí orúkọ àdúgbò. Àwọn tí ogun 1897 ṣẹ́ ni ìlú fi orúkọ wọn pe ilẹ̀ rẹ̀.