Igbó Ọ̀wọ̀ àti Omi Àjàṣẹ́: Ilẹ̀ tí Àwọn Baba Wa Fi Èèwọ̀ Ṣọ́

Ìlú Àjàṣẹ́, tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, tí àwọn Potogí sì sọ ní Porto-Novo, jókòó sí etí ọ̀sà kan tó so mọ́ adágún Nokoué ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Odò Ouémé àti odò Sô ni wọ́n ń kó omi wá sí agbègbè náà. Nígbà tí omi bá kún, a bo pápá. Nígbà tó bá fà, àgbẹ̀ a gbin oúnjẹ sórí ẹrẹ̀ tó fi sílẹ̀. Ní irú ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé tòun nìkan ni ilẹ̀ tàbí omi. Ta wá ni ó ń ṣọ́ ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wa? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ jọ gbé yẹ̀ wò.

Ìtàn tí a jogún ní adúgbò Accron sọ pé ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Wọ́n rí ẹ̀dá abàmì olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú ọ̀gán, wọ́n pè é ní Abòrí-mẹ́sàn-án, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Kí ààfin tó dé, kí ọjà tó dé, ìtàn yìí ti fi ibì kan hàn wá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni Te-Agbanlin ti Allada wá, tí ìjọba sì bọ́ sí ọwọ́ ìdílé rẹ̀. Yorùbá àti Gùn jọ ń gbé láti ìgbà náà, wọ́n sì jọ ń bọ̀wọ̀ fún ohun kan náà: igi tí àwa ń pè ní ìrókò ni àwọn ń pè ní Loko.

Èèwọ̀ ni àwọn baba wa fi ṣe odi ilẹ̀. Igbó orò wà, igbó òrìṣà wà, igbó ọba sì wà. Ìdílé kan ni a ń fi igbó kọ̀ọ̀kan lé lọ́wọ́. Olórí ìdílé náà ni ó mọ ààlà rẹ̀ àti ọjọ́ tí a lè wọ̀ ọ́. Oníṣègùn lè gba àṣẹ kí ó já ewé, kí ó bó èèpo igi, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mú àáké wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sun ún. Lórí omi náà, àwọn àgbà a máa ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ẹja láti yé, wọn a sì ka irú àwọ̀n kan léèwọ̀. Ẹni tó bá rú òfin náà mọ̀ pé òun yóò rojọ́ níwájú àwọn àgbà, yóò sì ṣètùtù.

Ìgbà òyìnbó ni odi náà kọ́kọ́ lanu. Ní 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ojú ọ̀nà omi kan ní Kutọnu láti fa ìkún omi adágún sínú òkun. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, oríṣi ẹja sì yí padà. Ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, nígbà ọba Toffa tó jọba láti 1874 títí di 1908, igbó ọ̀wọ̀ kan tó jẹ́ ti ìjọba ọba bọ́ sí ọwọ́ àwọn Faransé. Ní 1895, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà tí wọ́n ti ń dán oríṣiríṣi ọ̀gbìn wò. Ọgbà náà wà títí di òní, àwọn igi àgbà sì ṣì dúró nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà tí a ti ń rìn fàájì yàtọ̀ sí igbó tó ní olùtọ́jú àti èèwọ̀. A dúpẹ́ pé igi kù; ká má sì gbàgbé ohun tó sọnù.

Ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn onímọ̀ ka 2,940 igbó ọ̀wọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè Benin. Gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ 18,360 hẹ́kítà, èyí tí ó fi hàn pé, ní ìpíndọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ bí hẹ́kítà mẹ́fà. Igbó kékeré ni wọ́n. Ìdílé kan tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ lè pa ọ̀kan run láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́lẹ̀, àwọn apẹja pẹ̀lú nílò ẹ̀ka igi púpọ̀ fún akaja, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n máa ń rì sínú adágún kí ẹja lè sá sí abẹ́ rẹ̀, igbó etí omi ni wọ́n sì máa ń gé e.

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Ní 2000, wọ́n fi àfonífojì Ouémé ìsàlẹ̀, ọ̀sà Porto-Novo àti adágún Nokoué sínú ìwé àdéhùn Ramsar tó ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi jákèjádò ayé. Ní 2012, àwọn mínísítà fọwọ́ sí ìlànà tó fi ọ̀nà lélẹ̀ láti dá igbó ọ̀wọ̀ mọ̀ lábẹ́ òfin. Ní agbègbè Zinvié, àwọn ará ìlú jọ ń tọ́jú ọgbà àdánidá Àfonífojì Sitatunga, tí a fi orúkọ ẹtu inú irà sọ. Àlejò ń lọ síbẹ̀ wo ẹranko àti ẹyẹ, bí àwọn mìíràn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Adjarra, tí wọ́n ń gbádùn òjìji igi àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ omi. Ìgbádùn bẹ́ẹ̀ kò lòdì sí ọ̀wọ̀, bí àlejò bá bi onílé kí ó tó wọlé, tí owó tó san sì dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé òfin nìkan kò lè ṣọ́ igbó. Bí àgbà tó mọ ààlà bá kú láìfi í han ọmọ, kí ni a ó kọ sínú ìwé? Bí ọmọ bá sì mọ ààlà ṣùgbọ́n tí kò sí àkọsílẹ̀, kí ni yóò fi dá ẹni tó fẹ́ rà á lẹ́kun? Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti inú ìdílé olùtọ́jú igbó jáde, ní ilé àti ní ìdálẹ̀: ní ìrìn-àjò yín sílé tó ń bọ̀, ẹ ní kí baba tàbí ìyá yín àgbà mú yín yí igbó náà ká. Ẹ kọ orúkọ igi ààlà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, kí wọ́n jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹyẹ rẹ̀. Ohun tí ọmọ kò mọ adùn rẹ̀, yóò ṣòro fún un láti jà fún.

Kí igbó wa má parun, kí omi wa má gbẹ, kí orúkọ àwọn tó ṣọ́ wọn fún wa má sì parẹ́.